Ìjábọ̀ lórí owó oníbàárà ilé-iṣẹ́ éjẹ́ǹtì: ìwé bá owó dọ́gba, ṣùgbọ́n onílé mẹ́ta ti wọ gbèsè

Oníṣirò_Bolton

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi gbogbo. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń dá iṣẹ́ ìṣirò owó ṣe ní àríwá ilẹ̀ England níbí. Ilé-iṣẹ́ éjẹ́ǹtì kan, tó ń bá àwọn onílé bójú tó ilé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tó sì ń bá wọn gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé, ní kí n wá yẹ ìwé owó oníbàárà àwọn (owó àwọn onílé àti ayálégbé tó wà lọ́wọ́ wọn) wò, kí n sì fọwọ́ sí ìjábọ̀ tí ètò ìdáàbòbò owó oníbàárà tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ sí ń béèrè lọ́dọọdún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa dé ọwọ́ mi, nítorí ìwé owó-orí àti ìṣirò ọdún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ni mo mọ̀ dunjú.

Ohun tí mo bá nílẹ̀ ní 31 March, ọjọ́ tí ọdún ìṣirò wọn parí, rèé. Báǹkì sọ pé £48,310 ló wà nínú àkáǹtì owó oníbàárà. Owó kan tó jẹ́ £2,150, tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ pé àwọn san fún onílé kan lọ́jọ́ náà, kò kúrò ní báǹkì títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, nítorí náà £46,160 ni ìwé owó-wọlé-owó-jáde wọn fi hàn. Mo wá ro ohun tó wà lórí orúkọ onílé àti ayálégbé kọ̀ọ̀kan pọ̀, òun náà já sí £46,160 géérégé. Ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu. Ọkàn mi ìbá ti balẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo tú àròpọ̀ kẹta yẹn wò lórúkọ-lórúkọ, mo rí i pé onílé mẹ́ta ló wọ gbèsè: ọ̀kan £610, èkejì £385, ẹ̀kẹta £240. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, pé àtúnṣe ilé ni wọ́n fi owó náà ṣe, àti pé owó ilé oṣù tó ń bọ̀ yóò dí i. Ṣé mo lè kọ ọ́ pé gbogbo rẹ̀ dọ́gba, kí n fọwọ́ sí i? Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé náà ránṣẹ́ ti ń sún mọ́lé.

Àgbà_Oníṣirò

Ẹ ṣé tí ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí i, àbúrò mi. Ẹ má fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ ni pé ibi mẹ́ta la ti ń wo owó oníbàárà, èyíinì ni ìwé báǹkì, ìwé owó-wọlé-owó-jáde, àti àròpọ̀ ohun tó wà lórí orúkọ ẹnìkọ̀ọ̀kan, òótọ́ sì ni pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bára mu. Ṣùgbọ́n àròpọ̀ kẹta yẹn lè purọ́ fún yín láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣi owó kà. Ẹ yọ àwọn onílé mẹ́ta tó wọ gbèsè yẹn sọ́tọ̀. Gbèsè wọn jẹ́ £1,235. Ẹ fi kún £46,160, yóò di £47,395. Iye tí ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ lè san fún àwọn tí owó wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, £46,160 péré ló sì wà láti fi san án. Bí gbogbo wọn bá tò sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn láti gba tiwọn, àwọn tó bá dé gbẹ̀yìn kò ní rí tiwọn gbà pé. Ẹ wá bi ara yín pé owó ta ni wọ́n fi tún ilé àwọn onílé mẹ́ta náà ṣe. Kì í ṣe owó wọn, nítorí wọn kò ní in nílẹ̀. Owó àwọn onílé yòókù ni, tàbí owó ìdógò ayálégbé kan tí kò tilẹ̀ mọ ibi tí ilé wọ̀nyẹn wà.

Gbogbo wa la mọ alájọ Ṣómólú, ẹni tó ń gba owó àjọ kiri láìkọ nǹkan kan sílẹ̀, tí kì í sì í ṣi owó ẹnikẹ́ni kà, débi pé títí di òní bí ọmọ bá ní ọpọlọ, a ó ní orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú. Orí pípé yẹn kọ́ ló mú káwọn ará ọjà fọkàn tán an. Wọ́n fọkàn tán an nítorí pé tí ọjọ́ kíkó bá pé, owó tí Ìyá Alátà dá kì í di owó tí a fi san gbèsè Ìyá Ẹlẹ́ja. Ohun tí ìjábọ̀ yìí ń wádìí kò ju ìyẹn lọ: ṣé owó ẹnìkọ̀ọ̀kan ṣì ń jẹ́ orúkọ olówó rẹ̀?

Bí ó bá ṣe ti irú iṣẹ́ tí ẹ gbà, ẹ padà lọ ka fọ́ọ̀mù tí ètò náà fi ránṣẹ́ dáadáa, nítorí kì í ṣe gbogbo ètò ló ń béèrè ohun kan náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe àyẹ̀wò ìwé-ìṣirò ní kíkún ni wọ́n ń fẹ́, tí wọn kì í sì í ní kí ẹ sọ bóyá ilé-iṣẹ́ náà lówó lọ́wọ́ tàbí pé ọ̀gá wọn jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn. Wọ́n á to àwọn ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ wò sílẹ̀, ẹ ó wò ó, ẹ ó sì kọ ohun tí ẹ rí gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe rí i. Ìlànà àgbáyé fún àwọn oníṣirò, ISRS 4400 tí wọ́n tún ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí àwọn àdéhùn tí a ṣe láti 1 January 2022, ló ń darí irú iṣẹ́ tí a ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí báyìí. Bí ẹ kò bá tíì ní ìwé àdéhùn iṣẹ́ tó sọ èyí kedere, tó sì sọ ẹni tí ìjábọ̀ náà wà fún, ẹ kọ́kọ́ lọ kọ ọ́ kí ẹ tó ṣí ìwé kankan mọ́.

Éjẹ́ǹtì_Peckham

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, nítorí ó dà bíi pé ẹ ti fẹ́ sọ ọkùnrin yìí di olè. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń bá àwọn onílé bójú tó ilé. Oṣù January, òtútù mú, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná kọṣẹ́ nínú ilé tí ìyá ọlọ́mọ kékeré ń gbé. Onílé wà ní Lagos, kò gbé fóònù. Ẹni tó máa tún un ṣe kò ní jáde nílé rẹ̀ láìgbowó. Owó ilé ọ̀dọ̀ onílé yẹn ti lọ sí báǹkì rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí òmíràn tó wọlé. Ṣé kí ọmọ ọlọ́mọ máa gbọ̀n nítorí ìwé owó? Éjẹ́ǹtì tó bá ní àwọn òun kò ṣe é rí, ẹ bá mi wo ojú rẹ̀ dáadáa.

Àgbà_Oníṣirò

Ọ̀gá mi, mo gbọ́ yín, mi ò sì pe ẹnikẹ́ni lólè. Ẹ tún ẹ̀rọ náà ṣe lọ́jọ́ náà gan-an, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹ ti mú owó rẹ̀ ni mò ń sọ. Ilé-iṣẹ́ yín ní àkáǹtì tirẹ̀ tí owó-iṣẹ́ yín ń wọ̀. Ẹ san án láti ibẹ̀, kí ẹ sì gbà á padà nínú owó ilé oṣù tó tẹ̀ lé e: gbèsè àárín ẹ̀yin àti onílé ni nígbà náà, kò kan ẹlòmíràn. Èyí tó tún dára ju ìyẹn lọ ni kí ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé onílé kọ̀ọ̀kan yóò fi £250 tàbí £500 sílẹ̀ lórí orúkọ rẹ̀ fún àtúnṣe pàjáwìrì. Ọ̀pọ̀ éjẹ́ǹtì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Onílé tó bá kọ̀, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé kò sí owó ẹlòmíràn tí a ó fi tún ilé rẹ̀ ṣe.

Éjẹ́ǹtì_Peckham

Mo gba ti owó ìpamọ́ yẹn. Èmi náà ti ń gba £300 láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nítorí ojú mi ti rí. Àmọ́ àwọn onílé tí wọ́n ti wà pẹ̀lú wa kí ó tó di pé a fi sínú àdéhùn kò gbà títí di òní, àwọn ni wọ́n sì máa ń ní ilé tó ti gbó jù.

Oníṣirò_Bolton

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Mo padà lọ bá ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yín, ó sì fún mi ní èsì tí mi ò lérò, ìdí nìyí tí mo fi padà wá. Ó ní kí n wo inú £47,395 yẹn dáadáa, pé orúkọ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ àwọn fúnra wọn, £1,900, èyí tí í ṣe owó-iṣẹ́ wọn tí wọn kò tíì kó jáde. Mo wò ó, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó wá ní: “Bí owó tèmi tó wà níbẹ̀ bá ju gbèsè àwọn onílé mẹ́ta yẹn lọ, owó mi ni mo fi yá wọn, mi ò fọwọ́ kan ti oníbàárà kankan.” Mo ṣe é lórí ìwé. Bí mo bá yọ £1,900 kúrò, ohun tó jẹ́ ti oníbàárà gan-an jẹ́ £45,495, owó tó sì wà nílẹ̀ jẹ́ £46,160. Owó oníbàárà pé nígbà náà, ó tiẹ̀ lé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ fẹ́ wọ̀ mí létí, kí n má purọ́.

Ohun mìíràn tún wà: £415 wà lábẹ́ àkọlé “owó tí a kò mọ olówó rẹ̀”, ó sì ti wà níbẹ̀ láti oṣù August.

Àgbà_Oníṣirò

Èsì tó mọ́gbọ́n dání ló fún yín, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún un. Ní 31 March, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ọdún ní ọjọ́ márùn-dín-láàádọ́rin-lé-lọ́ọ̀ọ́dúnrún, ẹ̀yin sì wo ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, ọ̀kan tí òun náà sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ máa wò. Àkáǹtì oníbàárà kì í ṣe ilé tí a gbá mọ́ nítorí àlejò.

Ẹ fúnra yín mú ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta míì láàárín ọdún. Ẹ má sọ fún wọn ṣáájú. Ẹ tún ìṣirò náà ṣe fún ọjọ́ wọ̀nyẹn, kí ẹ sì wo iye tí ó wà lórí orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá ti kó owó-iṣẹ́ wọn jáde tán, tí àwọn onílé kan sì ṣì wà nínú gbèsè, owó oníbàárà ni àlàfo náà bọ́ sí.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, owó ti ilé-iṣẹ́ kò yẹ kó máa gbé inú àkáǹtì yẹn pẹ́. Owó-iṣẹ́ tó bá ti tọ́ sí wọn, kí wọ́n kó o jáde láìjáfara, ó parí. Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn kì í ṣe àṣejù: nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá ṣubú tí àwọn tó ń kó dúkìá rẹ̀ jọ fún àwọn tó jẹ ní gbèsè bá dé, àkáǹtì tí owó ilé-iṣẹ́ àti ti oníbàárà ti pò pọ̀ bí ẹ̀wà àti àgbàdo ni wọn yóò fà á lọ sí kóòtù lé lórí. Orúkọ “oníbàárà” gbọ́dọ̀ wà lára orúkọ àkáǹtì náà, ẹ sì gbọ́dọ̀ rí lẹ́tà láti báǹkì tó jẹ́rìí pé owó àgbàtọ́jú ni, pé báǹkì kò ní mú nínú rẹ̀ dí gbèsè tí éjẹ́ǹtì bá jẹ ẹ́. Ẹ béèrè lẹ́tà yẹn. Ó yà mí lẹ́nu bí ó ti pọ̀ tó, àwọn tí kò mọ ibi tí tiwọn wà mọ́.

Ní ti £415 yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ayálégbé tó san owó láìkọ nọ́ńbà ilé rẹ̀ sí i. Owó oníbàárà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò mọ oníbàárà náà. Kò gbọdọ̀ di èrè ilé-iṣẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ lè fi hàn yín pé àwọn wá olówó rẹ̀, kì í ṣe pé àwọn dúró dè é kó gbàgbé.

Ayálégbé_Leeds

Ẹ má bínú o, èmi kì í ṣe oníṣirò, ayálégbé lásán ni mí. Owó ìdógò tí mo san, ṣé inú àkáǹtì yìí náà ló wà? Kí ló sì dé tí éjẹ́ǹtì kan fi gbọ́dọ̀ wà nínú ètò, tí a tún wá ní ètò mìíràn fún owó ìdógò? Ó ti dàrú mọ́ mi lójú.

Oníṣirò_Bolton

Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú ìyẹn, nítorí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán ni. Ètò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ti owó ìdógò ti wà ní England àti Wales láti 6 April 2007 lábẹ́ òfin ilé ti ọdún 2004: láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí wọ́n bá gba owó yẹn lọ́wọ́ yín, ó gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ètò mẹ́ta tí ìjọba fọwọ́ sí, DPS, MyDeposits tàbí TDS. Ọ̀nà méjì ló wà. Nínú ọ̀kan, ètò náà fúnra rẹ̀ ló ń di owó yín mú. Nínú èkejì, éjẹ́ǹtì tàbí onílé ló ń di í mú tí ètò náà sì dúró fún un bí adójútòfò. Bó bá jẹ́ èkejì, tó sì wà lọ́wọ́ éjẹ́ǹtì, á jẹ́ pé inú àkáǹtì owó oníbàárà ló yẹ kó wà, ibẹ̀ sì ni irú ìjábọ̀ tí mò ń kọ yìí ti kàn yín.

Láti 1 June 2019, ní England, owó ìdógò kò gbọdọ̀ kọjá owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún bí owó ilé ọdún kan kò bá tó £50,000. Bí owó ilé yín bá jẹ́ £900 lóṣù, ẹ fi méjìlá sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ pín in sí ọ̀nà 52, kí ẹ wá mú márùn-ún: kò gbọdọ̀ kọjá £1,038.46.

Àgbà_Oníṣirò

Ẹ káre, àlàyé yẹn péye. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ètò kejì kún un. Tẹ́lẹ̀, éjẹ́ǹtì tó bá wù ló ń forúkọ sílẹ̀. Láti 1 April 2019, ní England, éjẹ́ǹtì tó bá ń gba owó oníbàárà dání gbọ́dọ̀ wà nínú ètò ìdáàbòbò tí ìjọba fọwọ́ sí. Propertymark, RICS, safeagent, Client Money Protect àti Money Shield wà lára wọn. Ẹni tí kò bá sí nínú ètò kankan lè san ìtanràn tó tó £30,000. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ tí kò gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ síta fún aráyé rí lè san tó £5,000. Nítorí náà, arábìnrin tàbí arákùnrin mi ní Leeds, ìwé ẹ̀rí yẹn gbọ́dọ̀ wà lára ògiri ọ́fíìsì wọn àti lórí ìkànnì wọn, bí ẹ bá sì béèrè ẹ̀dà rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín. Wales àti Scotland ní ìlànà tiwọn: Rent Smart Wales ló ń fún éjẹ́ǹtì níwèé àṣẹ ní Wales, Scotland sì ní ìlànà iṣẹ́ éjẹ́ǹtì tó bẹ̀rẹ̀ ní 31 January 2018.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń da ètò yìí pọ̀ mọ́ FSCS. FSCS wà fún ọjọ́ tí báǹkì bá ṣubú, ó ń san tó £85,000 fún ẹnìkan ní báǹkì kan tẹ́lẹ̀, ó sì di £120,000 láti 1 December 2025. Ètò ìdáàbòbò owó oníbàárà wà fún ọjọ́ tí éjẹ́ǹtì bá ná owó yín tàbí tó kó o sá lọ. Ìjábọ̀ ọdọọdún wa ni ètò náà fi ń mọ̀, kí ọjọ́ burúkú tó dé, ilé-iṣẹ́ wo ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń fà sẹ́yìn.

Onílé_Ìbàdàn

Ẹ kú ìjíròrò o. Ìbàdàn ni mo ń gbé báyìí lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, ilé kan ṣoṣo tí mo rà nígbà tí mo wà ní London ni mo fi sílẹ̀ sọ́wọ́ éjẹ́ǹtì. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó mi, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ owó-iṣẹ́ tiwọn. Mo bú wọn lórí fóònù, mo ní wọ́n ń jẹ mí ní jíjẹ agbálùmọ̀. Nígbà tí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ ni mo tó mọ̀ pé owó-orí ni. Ìbéèrè mi ni pé, owó tí wọ́n yọ yẹn, tí kò sí lọ́wọ́ mi tí kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ ìjọba, owó ta ni nígbà yẹn? Ṣé ẹni tó ń kọ ìjábọ̀ máa ń wò ó?

Àgbà_Oníṣirò

Bàbá, ìbéèrè yín yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ oníṣirò ń fò dá. Onílé tó bá ń gbé òkè òkun, éjẹ́ǹtì rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún nínú owó ilé rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti yọ àwọn ìnáwó tí òfin gbà, kí ó sì san án fún HMRC, ilé-iṣẹ́ owó-orí ìjọba UK, àyàfi bí HMRC bá ti kọ̀wé sí i pé kí ó máa san owó náà ní kíkún. Fọ́ọ̀mù NRL1 ni ẹ ó fi tọrọ àṣẹ yẹn, ó sì ṣeé tọrọ láti Ìbàdàn níbẹ̀ bí owó-orí yín bá wà ní títò. Àṣẹ náà kò sọ pé ẹ kò ní san owó-orí o; ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó máa kọ ìwé owó-orí yín lọ́dọọdún.

Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀, tí ó ń parí ní 30 June, 30 September, 31 December àti 31 March, éjẹ́ǹtì sì ní ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn rẹ̀ láti sanwó. Tí ọdún owó-orí bá parí, ó gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé ẹ̀rí NRL6, èyí tó fi owó-orí tí wọ́n yọ hàn, ó pẹ́ tán ní 5 July. Láàárín ìgbà tí wọ́n yọ ọ́ sí ìgbà tí wọ́n san án, inú àkáǹtì oníbàárà ló yẹ kó máa gbé, lórí orúkọ yín, pẹ̀lú àmì pé owó-orí ni. Bí mo bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, mo máa ń mú orúkọ onílé òkè òkun méjì mẹ́ta, kí n tọ owó wọn láti ọjọ́ tí ayálégbé san án títí dé ọ̀dọ̀ HMRC. Ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn éjẹ́ǹtì tó ń yọ owó-orí tí wọ́n sì ń kọ ọ́ pọ̀ mọ́ owó-iṣẹ́ tiwọn. Onílé kò lè mọ̀, nítorí ó gbà pé ìjọba ló gbà á. Ìjọba náà kò lè tètè mọ̀.

Onílé_Ìbàdàn

Ẹ ṣé púpọ̀, àbúrò. Ìwé NRL6 ọdún kìíní kò sí lọ́wọ́ mi rárá. Màá béèrè rẹ̀ lọ́la, màá sì tún tọrọ àforíjì fún ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí fóònù, bí mo bá rí ìwé náà.

Oníṣirò_Bolton

Mo ti ṣe ohun tí ẹ wí, sà. Mo mú 9 October àti 14 February láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ní 9 October, gbèsè àwọn onílé jẹ́ £430, owó ilé-iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ £2,600, kò sí àlàfo. Ní 14 February, gbèsè jẹ́ £1,120, ṣùgbọ́n wọ́n ti kó owó-iṣẹ́ wọn jáde lọ́jọ́ méjì ṣáájú, £340 ló kù lórí orúkọ wọn. £780 owó oníbàárà ni kò sí nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo tún rí i pé láti oṣù November títí di oṣù March, wọn kò mú ìwé bá owó dọ́gba rárá. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n jókòó ṣe ti oṣù márùn-ún pọ̀, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbọ́ pé mò ń bọ̀. Nígbà tí mo béèrè, ọ̀gá náà ní akọ̀wé tó ń ṣe é ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, àti pé…

[Olùtọ́jú ojú-òpó ti yọ ìyókù ìpínrọ̀ yìí.]

Olùtọ́jú_Ojú-òpó

Ẹ dákun, ẹ̀yin Oníṣirò_Bolton. A yọ gbólóhùn díẹ̀ kúrò nítorí àlàyé inú rẹ̀ ti ń fi ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà hàn. Nọ́ńbà àti ìlànà nìkan ni kí a dúró lé.

Àgbà_Oníṣirò

Olùtọ́jú ṣeun, mo sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún Oníṣirò_Bolton, ọ̀rọ̀ tí mi ò lè ṣe ní ìdákọ́ńkọ́. Bí ó bá jẹ́ àìbìkítà ni ẹ rí, èyíinì ni akọ̀wé tó lọ àti ìwé tí a kò ṣe lásìkò, inú ìjábọ̀ ni àyè rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n bí ohunkóhun bá mú yín fura pé ẹnìkan mọ̀ọ́mọ̀ mú owó náà, òfin Proceeds of Crime Act ti ọdún 2002 ti kan yín nìyẹn, nítorí oníṣirò wà lára àwọn tí òfin ní kí wọ́n fi ìfura wọn tó National Crime Agency létí, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni bí ẹ bá dákẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ni pẹ̀lú bí ẹ bá ta ẹni náà lólobó pé ẹ ti fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ dáhùn mi níbí bóyá ẹ fura tàbí ẹ kò fura. Ẹgbẹ́ tó fún yín níwèé àṣẹ ní nọ́ńbà tí a fi ń gba ìmọ̀ràn ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ pè é.

Ní ti ìjábọ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ rí pẹ̀lú ọjọ́ àti iye rẹ̀. Ẹ má lo “díẹ̀”, ẹ má lo “kò tó nǹkan”. Ẹ má sì gbà kí wọ́n ní nítorí pé wọ́n ti dá owó náà padà, kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Dídá a padà jẹ́ ohun tí ẹ lè kọ sí abẹ́ rẹ̀, kò pa èyí tó ti ṣẹlẹ̀ rẹ́.

Éjẹ́ǹtì_Peckham

Mo fẹ́ béèrè ní tèmi, láìsí ìjà: bí ó bá kọ ọ́ báyẹn, ṣé wọn kò ní lé ọkùnrin náà kúrò nínú ètò? Bí wọ́n bá lé e, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, àwọn tó ni ilé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta yẹn yóò sì máa wá ẹlòmíràn kiri.

Àgbà_Oníṣirò

Ẹ̀rù yẹn tọ́, ọ̀gá mi. Ohun tí mo ti rí ní tèmi ni pé àṣìṣe tí a kọ sílẹ̀ kedere, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n dá owó padà àti ohun tí wọ́n yí padà nínú iṣẹ́ wọn, ìbéèrè ló ń mú wá kó tó mú ìjìyà wá. Wọ́n lè ní kí wọ́n máa fi ìṣirò oṣooṣù ránṣẹ́ fún ìgbà kan. Ohun tó ń lé ènìyàn kúrò ni kí wọ́n rí i lọ́dún kejì pé oníṣirò ọdún kìíní ti rí i tó sì bò ó mọ́lẹ̀, oníṣirò náà yóò sì bá a lọ.

Oníṣirò_Bolton

Mo fẹ́ jábọ̀ kí ọ̀rọ̀ má ṣe dúró lófuurufú. Mo pe nọ́ńbà ìmọ̀ràn ẹgbẹ́ wa, mo sì ṣe ohun tí wọ́n ní kí n ṣe. Mo kọ ìwé àdéhùn iṣẹ́ tuntun. Ilé-iṣẹ́ náà san £1,235 wọlé láti inú àkáǹtì tiwọn, wọ́n kó £1,900 wọn jáde lẹ́yìn ìyẹn, mo sì rí ìwé báǹkì fún méjèèjì. Lẹ́tà báǹkì wà, inú àpótí kan lábẹ́ àtẹ̀gùn ni wọ́n ti rí i. Ní ti £415, nọ́ńbà ilé tí ayálégbé kọ sí owó náà ni wọ́n ṣì kà: 16 ló kọ, wọ́n rò pé 61 ni, ilé 61 kò sì sí lórí ìwé wọn. Ayálégbé ilé 16 ti gba lẹ́tà gbèsè mẹ́ta láti oṣù August.

Mo ti fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú £780 ti 14 February, oṣù márùn-ún tí wọn kò ṣe ìṣirò, àti £415 yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ọ̀gá náà kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lónìí ó fi ìwé ránṣẹ́, ó ní kí n wo àdéhùn tuntun tó fẹ́ fún àwọn onílé rẹ̀, ó ti fi owó ìpamọ́ £300 sínú rẹ̀. Éjẹ́ǹtì_Peckham, bí ẹ kò bá kọ̀, mo fẹ́ mọ bí ẹ ṣe kọ tiyín.

Éjẹ́ǹtì_Peckham

Mo ti fi ránṣẹ́ sínú àpótí yín. Ẹ wo ìpínrọ̀ kẹrin dáadáa, ibẹ̀ ni a ti sọ pé tí onílé bá ta ilé, a ó dá owó ìpamọ́ náà padà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí ẹ kò bá fi ìyẹn sí i, ọdún tó ń bọ̀ ẹ ó bá owó onílé tí kò ní ilé mọ́ lórí ìwé wọn.